Graphics card tó fara pa: bí ẹ ṣe lè tún un ṣe láì dá kún ọgbẹ́ rẹ̀

Bí graphics card (káàdì tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà) bá jábọ́ lọ́wọ́ yín, bí wọ́n bá gbé kọ̀ǹpútà rìnrìn àjò tí káàdì inú rẹ̀ sì sán, tàbí bí sikirudíráfà bá yọ̀ tó ha á lára, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Káàdì tó ṣàdédé kú láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án kò sí nínú ọ̀rọ̀ tèmi. Àìsàn ìyẹn yàtọ̀. Èyí tó fara pa ni mo ní lọ́kàn, ó sì máa ń ṣeé wò sàn ju bí ẹni tó ni ín ṣe rò lọ. Chip ńlá tó wà láàárín, èyí tí owó káàdì náà wà lórí rẹ̀, kì í sábà kú nínú irú ìjàǹbá yìí. Ohun tó máa ń lọ ni kapásítọ̀ kan (ẹ̀yà tó ń tọ́jú iná díẹ̀) tí kò ju orí píìnì lọ, tàbí ọ̀nà bàbà kan tó tín-ín-rín bí irun orí. Ẹni tó máa ń wá pa káàdì náà pátápátá ni ẹni tó gbé iná lé e kó tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Nítorí náà, wíwò ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ máa rí i pé a ó rìn jìnnà kí irin sọ́dà (èyí tó ń yọ́ sọ́dà, irin rírọ̀ tí wọ́n fi ń lẹ ẹ̀yà mọ́ bọ́ọ̀dù) tó gbóná.

Ẹ má tàn án wò o

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni ká fi í sínú slot (ojú ihò tó ń gba káàdì lórí bọ́ọ̀dù ńlá kọ̀ǹpútà), ká tàn án, ká wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Kapásítọ̀ tó fọ́ lè so iná mọ́ ground (ọ̀nà tí iná ń gbà padà) ní tààrà, ìyẹn ni pé ó ti ṣọ́ọ̀tì. Slot nìkan lè fún káàdì ní wáàtì 75, ẹnu wáyà oníhò mẹ́jọ kọ̀ọ̀kan tó wà lókè rẹ̀ sì lè fún un ní wáàtì 150. Bí gbogbo agbára yẹn bá rọ́ gba ibi tóóró kan, á jó bọ́ọ̀dù náà láti inú. Bọ́ọ̀dù káàdì kì í sì í ṣe pátákó kan ṣoṣo: ìpele bàbà tí wọ́n tò léra wọn ni, ó lè jẹ́ 8, ó lè jẹ́ 12. Èyí tó bá jó nínú lọ́hùn-ún, ọwọ́ ò tó o mọ́.

Ẹ yọ wáyà kọ̀ǹpútà lára ògiri, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí iná tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ lè tán. Ẹ yọ wáyà iná káàdì, ẹ tú sikirúù tó dè é mọ́ àpótí, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ìkọ́ kékeré tó wà ní ìpẹ̀kun slot. Káàdì ńlá máa ń bo ìkọ́ yìí mọ́lẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń dá ọgbẹ́ kejì sí i: wọ́n á fà á tipátipá, igun rẹ̀ á sì sán. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ike gígùn ni kí ẹ fi tẹ ìkọ́ náà. Ẹ má ki sikirudíráfà bọ ibẹ̀.

Kí ẹ tó pa àpótí kọ̀ǹpútà dé, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Ohun tó já lára káàdì lè wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, tàbí nínú páálí tí wọ́n fi gbé e, tàbí nínú slot fúnra rẹ̀, níbi tó ti lè ṣe káàdì mìíràn tí ẹ bá fi síbẹ̀ léṣe. Ohunkóhun tó bá jọ hóró yanrìn aláwọ̀ ilẹ̀, tí orí rẹ̀ méjèèjì ń dán bíi fàdákà, kapásítọ̀ ni. Ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà funfun. Bí ẹ ò bá tiẹ̀ ní lò ó padà, bó ṣe tóbi tó á sọ irú èyí tí ẹ máa wá.

Irinṣẹ́

Mítà tí wọ́n fi ń wọn iná kò ṣeé má nìí. Irin sọ́dà tí ẹ lè yí ooru rẹ̀ sókè sódò náà kò ṣeé má nìí, pẹ̀lú sọ́dà tín-ín-rín, flux (ohun tó ń mú kí sọ́dà lẹ̀ dáadáa), àti okùn bàbà tó ń fa sọ́dà mu. Ẹ tún wá ẹ̀mú kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó, isopropyl alcohol tó mọ́ tó 99%, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀, abẹ́ tó mú, àti wáyà bàbà oníkun (tí wọ́n fi ọ̀dà bò lára) tí ìbú rẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà lọ. Ọ̀dà tí wọ́n ń fi iná UV mú gan wúlò fún bíbo ibi tí ẹ bá tún ṣe. Thermal paste tuntun (ọ̀rá tó ń gbé ooru kúrò lára chip) nílò láti wà nílẹ̀, thermal pad (ege rírọ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà) náà bí ti àtijọ́ bá ya.

Ṣùgbọ́n bí owó bá tó ra ohun kan péré tó dára, awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá ni kí ẹ fi rà. Mo ti rí ẹni tó fi irin sọ́dà gbẹ̀fẹ́ ṣe iṣẹ́ tó dára. Mi ò tíì rí ẹni tó fi ojú lásán ṣe é.

Títú u

Ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn kí ẹ tó tú ohunkóhun, kí ẹ sì máa yà á bí ẹ ṣe ń tú u lọ. Sikirúù ẹ̀yìn káàdì kì í gùn bákan náà. Ẹ yàwòrán káàdì náà sórí páálí, kí ẹ gún sikirúù kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀ lórí àwòrán náà.

Bí sikirúù bá tán, heatsink (irin ńlá tó ń tú ooru chip dànù) á ṣì lẹ̀ mọ́ chip nítorí thermal paste tó ti gbẹ. Ẹ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun gbóná rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ wá máa yí i sọ́tùn-ún sósì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí tó fi máa tú. Ẹ má ki nǹkan bọ abẹ́ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Èmi náà ti jìn sí kòtò yẹn rí: fáànù nìkan ló bàjẹ́ lára káàdì kan, iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú, mo wá fi ẹnu sikirudíráfà gbé heatsink rẹ̀ sókè. Irin náà yọ̀, ó fa ìlà kan já ọ̀nà bàbà mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ chip. Iṣẹ́ ogún ìṣẹ́jú di iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Bí heatsink bá tú, ẹ má tíì fà á jìnnà, torí wáyà fáànù ṣì so ó mọ́ bọ́ọ̀dù. Ẹ kọ́kọ́ yọ ìyẹn.

Ẹ wọn bí thermal pad kọ̀ọ̀kan ṣe nípọn tó, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi isopropyl nu thermal paste kúrò, kí gbogbo bọ́ọ̀dù hàn gbangba.

Wíwò

Ẹni tó bá fi sùúrù pa èèrà á rí ìfun inú rẹ̀. Ní orí bọ́ọ̀dù yìí, èèrà gan-an la fẹ́ pa. Ẹ dá tọ́ọ̀ṣì dùbúlẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ìmọ́lẹ̀ tó ti òkè bọ̀ máa ń pa sísán mọ́, èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ wọlé á mú kí ó ní òjìji.

Ibi márùn-ún ni mo máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí ibẹ̀ ni ọgbẹ́ máa ń wà lemọ́lemọ́. Èkíní ni orí eyín wúrà, ìyẹn ètè ìsàlẹ̀ tó ń wọ slot, níbi tí kapásítọ̀ wẹ́wẹ́ tò sí ní méjì-méjì bí ìbejì. Nǹkan tó bá gbá etí káàdì, wọn ló máa kọ́kọ́ gbá. Èkejì ni ẹ̀yìn chip ńlá, tí kapásítọ̀ pọ̀ sí bí yanrìn. Ẹ̀kẹta ni igun ibi tí eyín wúrà ti parí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ́ slot: heatsink tó wúwo máa ń fa káàdì wálẹ̀, bí ọkọ̀ bá sì ń gbọn kọ̀ǹpútà náà, igun yìí ni gbogbo ìwúwo ń gbé ara lé. Ẹ̀kẹrin ni àyíká ihò sikirúù. Ẹ̀karùn-ún ni ìdí ẹnu wáyà iná, bí ẹnìkan bá ti fà á lágbára.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dààmú ẹni tí iṣẹ́ yìí bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bá: lórí gbogbo káàdì, àyè wà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò fi ohunkóhun sí. Báwo la ṣe máa mọ àyè tó ṣófo láti ilẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí nǹkan ti já kúrò? Ẹ wo ojú sọ́dà rẹ̀. Èyí tó ṣófo láti ilẹ̀ máa ń dán, ó máa ń tẹ́ dáadáa, ojú méjèèjì sì máa ń bára mu. Èyí tí nǹkan já níbẹ̀ máa ń rí gbágungbàgun, ó máa ń ṣú bí eérú, ẹ sì lè rí àfọ́kù kapásítọ̀ tó ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Bí bàbà bá bá a lọ, ẹ máa rí àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣá níbi tó yẹ kó máa dán. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá fọ́tò bọ́ọ̀dù irú káàdì kan náà tó hàn kedere, kí ẹ fi wọ́n wé ara wọn ní ìlà dé ìlà. Ẹ yẹ nọ́ńbà bọ́ọ̀dù náà wò pé ó bára mu, torí káàdì méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà kí bọ́ọ̀dù wọn yàtọ̀.

Wíwọ̀n pẹ̀lú mítà

Káàdì wà lórí tábìlì, kò sí iná lára rẹ̀. Ẹ yí mítà sí óòmù, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ dúdú lé irin tó ń de káàdì mọ́ àpótí, ground nìyẹn.

Ẹ dojú kọ iwájú káàdì, ìyẹn ibi tí chip wà. Eyín wúrà mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kúkúrú, lápá ibi irin ìdè yẹn, ni iná fóòtì 12 ń gbà wọlé. Ẹ gbé ẹsẹ̀ pupa lé ọ̀kan nínú wọn. Bí mítà bá ka ọgọ́rọ̀ọ̀rún óòmù tàbí ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ara rẹ̀ yá. Bó bá ka nǹkan tó súnmọ́ òdo, ṣọ́ọ̀tì wà, a ò sì gbọ́dọ̀ tàn án. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnu wáyà iná òkè náà. Eyín kẹjọ ní ojú kan náà ni fóòtì 3.3, òun náà kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ òdo.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí chip dẹ́rù bà yín. Àwọn kọ́ìlì ńláńlá tó yí i ká, tó ń gbé iná wọlé fún un, lè ka óòmù kan tàbí kó má tiẹ̀ tó ọ̀kan, láìsí àbùkù kankan. Bí chip bá ṣe tóbi sí ni nọ́ńbà náà ń kéré sí. Káàdì tó yè koro ti di pàǹtírí lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ èyí. Ti memory (àwọn chip kékeré tó yí chip ńlá ká) máa ń ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sábà máa ń tó mẹ́wàá mẹ́wàá óòmù.

Bí ẹ bá bá ṣọ́ọ̀tì lórí fóòtì 12, ẹ padà sí ibi tí ẹ rí ọgbẹ́. Kapásítọ̀ tó fọ́ níbẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ṣọ́ọ̀tì náà máa ń tán bí ẹ bá ti yọ ọ́.

Kapásítọ̀ tó já: àtúnṣe tó wọ́pọ̀ jù

Kapásítọ̀ wẹ́wẹ́ yìí pín sí irú méjì, ìyàtọ̀ wọn sì ni ó máa sọ bóyá ẹ máa sáré tàbí ẹ máa sinmi. Irú kìíní dúró láàárín iná àti ground, ó ń mú kí iná náà máa ṣàn jẹ́jẹ́. Wọ́n pọ̀ lẹ́yìn chip, bí ọ̀kan bá sì ti lọ nínú ogójì, káàdì lè má tiẹ̀ mọ̀. Irú kejì ni àwọn ìbejì orí eyín wúrà: wọ́n dúró sójú ọ̀nà, gbogbo ọ̀rọ̀ tí káàdì ń sọ sí mọ́dàbọ́ọ̀dù (bọ́ọ̀dù ńlá kọ̀ǹpútà), inú wọn ló ń gbà. Bí ọ̀kan bá lọ, ọ̀nà náà ti dí. Ó ní láti padà síbẹ̀.

Kapásítọ̀ irú yìí kò ní nọ́ńbà lára, kò sì ní orí tàbí ìdí, ẹ lè fi í síbẹ̀ bó ṣe wù yín. Fún àwọn ìbejì orí eyín wúrà, 0.22 µF ni ó wọ́pọ̀ lórí káàdì PCIe (irú slot tí káàdì ń lò) 3.0 sókè, àwọn tó ti pẹ́ sì ń lo 0.1 µF. Èyí tó dára jù láti rí i ni òkú káàdì irú kan náà: ẹ yọ ọ́ láti àyè kan náà gan-an, kò ní sí àròjinlẹ̀ kankan. Bí kò bá sí, ẹ ra èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ àti agbára fóòtì rẹ̀ kò kéré sí ti tẹ́lẹ̀.

Sọ́dà tí ilé iṣẹ́ fi ṣe káàdì òde òní kò ní òjé nínú, kò sì ń yọ́ títí á fi tó nǹkan bí 217 ní ìwọ̀n Celsius. Sọ́dà olójèé 63/37 ń yọ́ ní 183. Nítorí náà, kí ẹ kọ́kọ́ fi sọ́dà olójèé díẹ̀ kún ti orí bọ́ọ̀dù, á rọ̀ fún yín. Ẹ gbé irin sí nǹkan bí 350. Bó bá kọ̀ tí kò yọ́, bàbà ńlá tó wà nínú bọ́ọ̀dù ló ń fa ooru lọ. Ẹ fi atẹ́gùn gbígbóná mú gbogbo agbègbè náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ẹ tó padà. Kò yẹ kí ẹ máa tẹ irin mọ́ ọn. Ẹni tó bá ń tẹ irin á ṣí bàbà kúrò lórí bọ́ọ̀dù, kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ó fi gbogbo ọmọ bí obìnrin.

Bó ṣe ń lọ lọ́wọ́ mi nìyí. Mo fi flux sí i, mo fi okùn bàbà fa sọ́dà àtijọ́ kúrò lójú méjèèjì, mo nù ún, mo sì dúró kí isopropyl gbẹ pátápátá, torí ó ń gbaná. Mo fi sọ́dà bíńtín sí ojú kan ṣoṣo. Mo tún kán flux sí i. Mo wá fi ẹ̀mú gbé kapásítọ̀ náà, èyí tí ó jẹ́ ìdánwò fúnra rẹ̀: bí ẹ bá fún ẹ̀mú ju bó ti yẹ lọ, kapásítọ̀ á ta pọ́ún, ẹ ò sì ní rí i mọ́ títí ayé. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sábẹ́ iṣẹ́, kí ẹ sì ní méjì sí mẹ́ta lápò. Mo yọ́ sọ́dà ojú kan yẹn, mo ti kapásítọ̀ wọ inú rẹ̀, mo gbé irin kúrò, mo ka ení, èjì, kí n tó tú ẹ̀mú sílẹ̀. Ojú kejì wá gba sọ́dà tirẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo padà sí ojú àkọ́kọ́ kí ó lè dán. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni irin lè fi dúró níbì kan, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ fi mítà wò ó pé kò kan aládùúgbò rẹ̀.

Ọ̀nà bàbà tó gé

Ẹ fi abẹ́ ha ọ̀dà orí rẹ̀ kúrò ní ọ̀tún àti òsì ibi tó gé, nǹkan bíi mílímítà kan ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ẹ dá abẹ́ dùbúlẹ̀, ẹ máa ha á bí ẹni ń fá irun ọmọ tuntun. Bàbà náà kò nípọn ju bébà lọ. Bó bá ti ń pọ́n, ó tó. Ẹ fi flux àti sọ́dà ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́ pa á lójú. Wáyà oníkun kò ní gba sọ́dà àfi tí ẹ bá ri orí rẹ̀ sínú sọ́dà yíyọ́ lórí irin kí kun náà lè jó. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ibi tó gé, ẹ lẹ ìhà kan, ẹ lẹ ìkejì, kí ẹ tó gé ìyókù wáyà kúrò. Ẹ má gé e kúrú kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, á yọ yín lẹ́nu.

Àwọn ọ̀nà tó ń lọ ní méjì-méjì láti eyín wúrà sí chip gbọ́dọ̀ gùn bákan náà, torí ohun tó ń gba wọn kọjá ń sáré gan-an ni. Bí ẹ bá tún ọ̀kan ṣe, wáyà rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ. Kí ó tọ́, kí ó kúrú. Ọ̀nà iná ní tirẹ̀ ń fẹ́ wáyà tó nípọn. Nígbà tí mítà bá ti jẹ́rìí pé ọ̀nà ṣí, tí kò sì kan ẹlòmíràn, ẹ kán ọ̀dà UV sórí rẹ̀ kí ẹ fi iná rẹ̀ mú un gan.

Bí bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ bá sán

Níbí ni kí ẹ ti bá ara yín sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Sísán tó wà lára ìkọ́ igun káàdì nìkan, tí kò kan ọ̀nà bàbà, kò ṣe nǹkan kan. Sísán tó wà lójú òde, tó gé ọ̀nà mélòó kan, ẹ lè fi wáyà fò ó gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ. Ṣùgbọ́n èyí tó gba iwájú dé ẹ̀yìn, tó sì gba àárín slot àti memory kọjá, ọ̀nà tó gé nínú ìpele inú pọ̀ ju èyí tí ojú rí lọ, ìpele iná àti ti ground sì lè máa kanra wọn níbẹ̀. Àwọn kan wà tó ń gbẹ́ bọ́ọ̀dù ní ìpele dé ìpele láti tún irú rẹ̀ ṣe. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ ni, ó sì ń fẹ́ àwòrán inú bọ́ọ̀dù tí ẹni tó wà nílé kì í ní. Èmi á yọ memory, kapásítọ̀ àti fáànù rẹ̀ pa mọ́ fún káàdì mìíràn, kò sì ní dùn mí.

Àmì kan tún wà: bí àwòrán bá ń yí padà nígbà tí ìka bá tẹ ẹ̀yìn memory kan, bọ́ọ̀lù sọ́dà abẹ́ rẹ̀ ti sán. Ó ṣeé tún ṣe, àmọ́ ẹ̀rọ tó ń gbóná láti ìsàlẹ̀ àti òkè ló ń fẹ́. Ẹ gbé e fún ẹni tó ní i.

Ẹ má sì gbé káàdì sínú ẹ̀rọ ìyan nǹkan. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń sọ pé 200 Celsius fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ń jí òkú káàdì. Ẹ rántí 217 tí mo mẹ́nu bà: sọ́dà náà kò tiẹ̀ ní yọ́, ike ni yóò yọ́, kapásítọ̀ tó rí bí agolo ni yóò wú, èéfín rẹ̀ sì máa wà níbi tí ẹ ti ń se nǹkan tí ẹ ń jẹ. Kapásítọ̀ tó ti já kò ní tìtorí ooru fò padà sáyè rẹ̀.

Eyín wúrà, fáànù, ẹnu wáyà

Eyín wúrà tó dọ̀tí, ẹ fi rọ́bà ìpàwérẹ́ pa á jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà isopropyl. Èyí tó bó, ẹ má rọ sọ́dà sí i láti dí i. Á wú, á sì ba slot jẹ́. Wọ́n lè gé eyín láti ara òkú káàdì kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù líle lẹ̀ ẹ́, kí wọ́n so ó mọ́ ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú wáyà. Bí ó bá jẹ́ ti ground, káàdì lè máa ṣiṣẹ́ láìsí i, torí ground pọ̀ níbẹ̀.

Fáànù tí ewé rẹ̀ kan dá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kíkán ewé òdìkejì kí ó lè dọ́gba jẹ́ ọgbọ́n ọjọ́ kan. Ẹnu HDMI tàbí DisplayPort tó wọ́, bí káàdì bá ní mẹ́ta mìíràn, mi ò ní fi iná kàn án.

Títò padà àti ìdánwò

Ẹ fi isopropyl àti búrọ́ọ̀ṣì fọ flux kúrò, kí ó gbẹ dáadáa. Thermal pad tuntun gbọ́dọ̀ nípọn bíi ti tẹ́lẹ̀. Bó bá fi díẹ̀ nípọn jù, heatsink kò ní kan chip, chip á sì gbóná kọjá ààlà láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Sikirúù mẹ́rin àyíká chip, ẹ máa dè wọ́n ní àgbélébùú, díẹ̀ díẹ̀, kí chip má bàa sán ní igun kan. Ẹ so wáyà fáànù padà. Mo ti gbàgbé rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ tún fi mítà wọn fóòtì 12 àti 3.3. Lẹ́yìn náà, kọ̀ǹpútà tí kò dùn yín jù ni kí ẹ fi dán an wò, kí àwòrán máa gba inú mọ́dàbọ́ọ̀dù jáde ní àkọ́kọ́. Ẹ wọ gíláàsì ojú. Ọwọ́ kan wà lórí swíìṣì, imú ń gbóòórùn. Èéfín, òórùn, tàbí ohun tó ta pọ́ọ́, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀.

Bó bá tàn, iṣẹ́ ò tíì tán. Ẹ ṣí GPU-Z, ètò orí Windows tó ń sọ ipò káàdì, kí ẹ wo ìlà Bus Interface. Bó bá kọ x16 (ọ̀nà mẹ́rìndínlógún) lẹ́yìn àmì @, gbogbo ọ̀nà orí eyín wúrà ló ń sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ x8, tó sì jẹ́ pé x16 ni káàdì náà, ó ṣeé ṣe kí kapásítọ̀ tàbí ọ̀nà kan ṣì wà tí ẹ ò rí. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé slot náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe x8. Lórí Linux, lspci -vv á fi í hàn ní ìlà LnkSta. Nọ́ńbà ìkejì, èyí tó ń sọ irú PCIe, máa ń wálẹ̀ bí káàdì bá ń sinmi. Ìyẹn kì í ṣe àrùn. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé x8 kò ní pa eré yín lára púpọ̀. Bí ẹ bá ti wá ìyókù títí tó sú yín, ẹ lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Memory ló kàn. Ẹ fi memtest_vulkan, ètò tó ń yẹ memory káàdì wò, dán an wò fún wákàtí kan ó kéré tán, kí ẹ tún jẹ́ kí káàdì ṣiṣẹ́ àṣekára kí ẹ máa wo ooru rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé kìkì ìgbà tó bá gbóná ni àwọ̀ aláràbarà ń yọ lójú àwòrán, sísán kan ṣì wà tó ń ṣí bí bọ́ọ̀dù bá ti wú. Ẹ padà sídìí awò.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dá a padà sínú àpótí, ẹ fi nǹkan ti ìdí rẹ̀ lápá ibi tí kò sí sikirúù, kí ó má rọ̀ wálẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá tún máa gbé kọ̀ǹpútà náà wọ ọkọ̀, ẹ yọ káàdì, kí ẹ fi í sínú páálí tirẹ̀.